Orúnkún Baba Oníyẹ̀ẹ́

Ẹ má bi mí léèrè ẹni tó gbà á nímọ̀ràn, èmi kọ́. Káfíńtà ni baálé mi, àga àti bẹ́ẹ̀dì ló ń kàn jẹun, àfi ìgbà tó ṣàdédé ra ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré ìdíje lójú ọ̀run. Wẹ́wẹ́ ni wọ́n kó o sínú àpótí, kí ẹni tó rà á tò ó fúnra rẹ̀. Àtìgbà náà làwọn aládùúgbò ti ń pè é ní Baba Oníyẹ̀ẹ́.

Àwòrán bí wọ́n ṣe ń tò ó bá a wá, baálé mi ní kò dáa tó. Ó ní ibi ìjókòó fẹ̀ jù, pé ohun tó bá fẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa fà á sẹ́yìn ni. Ló bá nà gbalaja sórí pákó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí òun ká.

"Baba ọmọ mi, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀. Ara kì í dúró sójú kan."

"Àyè kí ni? Ṣé o rí i pé mò ń sanra ni?"

Kò sanra lóòótọ́. Bí mo ṣe fa ìlà náà gẹ́lẹ́ ló ṣe kàn án. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ á ká orúnkún mọ́ àyà, á fẹ̀yìn lélẹ̀, kó tó lè na ẹsẹ̀ sínú imú ọkọ̀.

Ọdún ń gorí ọdún, ó ń kúnlẹ̀ fi sáńpépà ha ìyẹ́ ọkọ̀ náà kó lè dán. Mo gbé àpótí fún un kó jókòó, ó ní bí òun ò bá kúnlẹ̀, ọwọ́ òun ò ní mọ ibi tó rí gbágungbàgun. Elétí ikún! Orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í wú. A lọ ọsibítù, a fi oríṣiríṣi ìpara ra á, pàbó. Ìgbà tí ìyẹ́ fi dán bíi dígí, orúnkún ọ̀tún ti kọ̀, kò ká mọ́.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ wọ̀ ọ́, èmi àti ọmọbìnrin wa jọ gbé e ni. A tì í, a fà á, a yí i sí ẹ̀gbẹ́. Ó ń làágùn, ó ń fi ẹ̀rín bò ó, ó ń ní, "Ẹ tún tì mí díẹ̀." Ẹsẹ̀ ò wọlé. Háà! Ọkọ̀ tó jẹ ẹ́ lórúnkún ló tún wá tilẹ̀kùn mọ́ ọn yìí. Inú bí mi, mi ò sì rí ẹni bínú sí.

"Ṣé a ò lè gé imú ọkọ̀ yìí kó fẹ̀ ni?"

"Tí a bá gé imú rẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

Ló bá wo ọmọ wa. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á. Baba rẹ̀ ló bí i jọ, gíga kan náà, ẹsẹ̀ kan náà.

"Wọ̀ ọ́."

"Bàbá, mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín."

"Mo ní kó o wọ̀ ọ́."

Ó wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́.

Ní pápá, ọkọ̀ òfuurufú ẹlẹ́ńjìnnì fi okùn so ó kó lè fà á ròkè. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ di etí ìyẹ́ mú kó má baà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kó máa bá a sáré títí yóò fi lè dúró fúnra rẹ̀. Baálé mi ò lè sáré. Èmi tí mo ti ń bú ọkọ̀ yìí látọjọ́ yìí, èmi ni mo ká aṣọ sókè, mo sáré, mo sì fọwọ́ ara mi jọ̀wọ́ ọmọ mi.

Nígbà tí mo padà, orí koríko ni mo bá baálé mi, ó na ẹsẹ̀ náà sílẹ̀, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ di afẹ́fẹ́ mú bí ẹni tó di ọ̀pá ìdarí ọkọ̀ mú. Ó rọra tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún. Lókè lọ́hùn-ún, ọmọ wa yà sí òsì.