Ọkọ̀ Tí Tọ́ọ̀nù Kàn

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n pè wá láti Ìkàrẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti kú, ìyá mi kò kọ́kọ́ sunkún. Ohun tó bi mí ni pé, "Ṣé a óò bá a nílẹ̀?" Ọkọ Mùsùlùmí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́, òun náà sì ti gba ẹ̀sìn ọkọ rẹ̀. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Bí wọ́n bá ti kírun Àílà ọ̀sán tán, sàréè ló kù. Ìyá mi kàn fẹ́ rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ ni. Kò bèèrè ju ìyẹn lọ.

Láti Ọ̀kà tí à ń gbé sí Ìkàrẹ́, báwo ló ṣe jìnnà tó? Àmọ́ ìyá mi kò lè gun ọ̀kadà mọ́ látìgbà tí ìbàdí rẹ̀ ti ń dùn ún. Ó ní ká lọ dúró de bọ́ọ̀sì ìjọba. Mo ní, "Màámi, bọ́ọ̀sì wo? Èyí tí koríko ti bò mọ́lẹ̀ yẹn?" Nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, bó kún, bí kò kún, tí àsìkò bá ti tó, ó ti lọ nìyẹn. Lẹ́yìn tó bà jẹ́, gbogbo wa ń kọjá lára rẹ̀, à ń sọ pé ti ìjọba ni, ìjọba ló máa tún un ṣe. Ìjọba wo? Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ó di gáréèjì àwọn aládàáni. Níbẹ̀, ọkọ̀ tó wà níwájú lórí ìlà, tí tọ́ọ̀nù bá kàn, nìkan ló lè kó èrò. Bí kò bá tíì kún, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ mira. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Àkùngbá tó máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ tètè kún ti lọ fún ìsinmi. Àwa méjì la dá jókòó sínú ọkọ̀, oòrùn ń gòkè. Mo sọ fún alága gáréèjì pé mo máa san owó gbogbo àyè tó ṣófo.

"Àǹtí, ta ló máa wà á? Awakọ̀ rẹ̀ ti gbé táyà lọ lẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí èyí tó tẹ̀ lé e gbé wa."

"Kò tíì kàn án."

"Ẹ̀gbọ́n, òkú la fẹ́ lọ bá o!"

"Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ṣùgbọ́n tí mo bá ba tọ́ọ̀nù jẹ́ lónìí, ìjà la máa fi ọ̀la jà."

Ohun tó dùn mí jù ni pé kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó lọ ra omi tútù wá fún ìyá mi. Ti ìjọba kò lólùtọ́jú, ti aládàáni kò lójú àánú. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Aládùúgbò wa kan tó ń wa ọkọ̀ ara rẹ̀ lọ sí Ìkàrẹ́ rí wa. Ó sọ fún mi ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ká rìn dé kọ́nà, òun á gbé wa níbẹ̀. A rìn ín. Ìyá mi ń di èjìká mi mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ kan wọ ọkọ̀ aládùúgbò wa báyìí, àwọn ọmọ gáréèjì dé, wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà. Wọ́n ní ó ń jí èrò àwọn kó. Aládùúgbò wa bẹ̀bẹ̀ títí, èmi náà kúnlẹ̀ sórí títì. Ọ̀kan nínú wọn ti kọ́kọ́rọ́ náà bọ àpò.

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí fóònù mi dún. Ọmọ olóògbé ni. Ó ní wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ìyá mi wo ojú mi, ó sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde nínú ọkọ̀.

"Ẹ fún ọmọ ọlọ́mọ ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀," ló wí.

Nígbà tá a fi rọra rìn padà dé gáréèjì, awakọ̀ wa ti gbé táyà dé, ó ń pariwo, "Ìkàrẹ́ wọlé! Ìkàrẹ́ kò ní dúró!" Mo sáré lọ bá a pé kó jẹ́ kí n san àyè tó ṣófo ká máa lọ. Ìyá mi fà mí láṣọ. Ó wọlé, ó jókòó, ó gbé báàgì rẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Jẹ́ kó kún," ó ní. "Kò sí ìkánjú mọ́."