Báńnà Tí Mo Yà fún Ẹ̀gbọ́n Mi ní Akparé

Tí o bá dé Akparé, ìlú wa ní ilẹ̀ Togo, ní ọjọ́ ọjà, òórùn ẹyìn sísè ni yóò kọ́kọ́ kí ọ kí ènìyàn kankan tó kí ọ. Òórùn tó dùn, tó sì wúwo ni, èéfín ògùṣọ̀ tí wọ́n fi dáná sì máa ń wà nínú rẹ̀. Títí di òní, tó bá ti ta sí mi nímú, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo máa ń rántí, àti àárọ̀ ọjọ́ tí báńnà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ lé gbogbo oníbàárà rẹ̀ padà sílé.

Lomé ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ta aṣọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nínú ìsọ̀ ẹlòmíràn, kó tó pinnu pé òun ń bọ̀ wálé. Gbogbo ohun tó kó jọ ló fi ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún epo, ó sì kọ́ àtíbàbà gbígbòòrò kan sí etí ọ̀nà ọjà, kí àwọn obìnrin oko lè máa gbé ẹyìn wọn wá síbẹ̀. Tí wọ́n bá wá, ó di ọ̀gá ara rẹ̀ nìyẹn. Tí wọn kò bá wá, ẹ̀rọ a dípẹtà, òun náà a sì padà sí ìsọ̀ onísọ̀. Dàá, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin ní ìdílé wa, kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ẹ̀rù lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Atakpamé, ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Ó ní kí n ya báńnà kan fún òun tí yóò máa pe ènìyàn wọlé. Orúkọ tó fún ibẹ̀ ni AYỌ̀ DÉ.

Iṣẹ́ mi nìyẹn, o mọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀rọ AI tí gbogbo ayé ń pariwo tó dé ọwọ́ wa. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń bá ohun tuntun jà. Wàá fi èdè Faransé tẹ ohun tí o fẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, yóò sì yà á fún ọ kí o tó pa ojú dé. Lẹ́tà ọlọ́nà ló dùn mọ́ mi jù. Mo ti fi í ya lẹ́tà oníbúrẹ́dì fún oníbúrẹ́dì, mo ti fi í ya lẹ́tà onírun dídì fún onídìrí, àwọn ènìyàn sì ń dúró ní títì láti wò ó. Ká má purọ́, orí mi ti ń wú díẹ̀.

Fún epo, kí ni ì bá tún yẹ bí kò ṣe ọ̀pẹ? Mo ní kí ẹ̀rọ fi ewé ọ̀pẹ ya AYỌ̀ DÉ. Igi àgbọn etí òkun ló kọ́kọ́ gbé jáde, pẹ̀lú yanrìn àti oòrùn tó ń wọ̀, bí ẹni pé àwọn òyìnbó ló ń bọ̀ wá gbafẹ́ ní Akparé. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún un tẹ̀: ọ̀pẹ ẹlẹ́yìn, ewé rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tó pọ́n ràkọ̀, kó máa já wálẹ̀ láti ara lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu yà mí. Ewé tín-ín-rín tín-ín-rín ń rọ̀ wálẹ̀ lára lẹ́tà, ó ń dán bíi pé atẹ́gùn ń fẹ́ sí i. Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá nígbà náà ni, imọ̀ ọ̀pẹ tí Fadá súre sí ṣì wà lókè ilẹ̀kùn gbogbo ilé ìjọ wa. Dàá wò ó, omi lé sí i lójú. Màmá wa wò ó, ó ṣe àmì àgbélébùú. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó rí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

Ní ọjọ́ ọjà, a ta báńnà náà mọ́ òkè ẹnu àtíbàbà láti òpó dé òpó. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti oko pẹ̀lú abọ́ ẹyìn lórí. Wọ́n á dé ojú ọ̀nà, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á dúró. Àwọn kan kí wa láti ọ̀ọ́kán, wọ́n ní àwọn ń bọ̀, wọn kò sì bọ̀ mọ́. Bàbá arúgbó kan ṣí fìlà rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó tẹrí ba díẹ̀, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì títì kọjá. Èmi rò pé iṣẹ́ ọnà mi ló ń bọ̀wọ̀ fún. Dàá ní tirẹ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo ayé, títí ẹ̀rín náà fi gbẹ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, mo bá a lẹ́yìn ẹ̀rọ epo, ó gbé orí lé ọwọ́, ó ń sunkún. Ó ní wọn kò fẹ́ òun ni, pé òun ti pẹ́ jù ní Lomé, pé ìlú ti gbàgbé òun. Ẹkún rẹ̀ dùn mí wọra.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin elépo ló dé, ìyá tí ilé rẹ̀ ṣì ń bọ ohun tí àwọn baba wọn ń bọ. Kò wọlé o. Ìta ló dúró sí, ó sì ní kí Dàá wá bá òun.

"Ọmọ mi," ó ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ta ni ẹ gbé síbẹ̀ tí ẹ kò sọ fún wa?"

Dàá ní, "Ta ni báwo, Ìyá?"

"Màrìwò rèé lẹ́nu ọ̀nà. Ta ni yóò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìmọ ẹni tó wà nínú ilé?"

Ọ̀rẹ́, mo gbójú sókè wo báńnà mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Nínú àwa Ifẹ̀ ilẹ̀ Togo, ọmọ wo ni kò mọ màrìwò? Láti kékeré la ti mọ̀ pé ọ̀nà tí a bá ta á sí, ẹni tí a kò bá pè kì í gbà á. Ṣùgbọ́n èmi fi ojú ọmọ ìjọ wo ọ̀pẹ, ìlú sì fi ojú ìlú wò ó. Nígbà tí mo ṣàlàyé imọ̀ ọ̀pẹ Fadá fún Ìyá, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. Ó ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó ní kí a tú u, kí a ká a dáadáa, kí a má wọ́ ọ nílẹ̀, nítorí àwòrán rẹ̀ náà ní ọ̀wọ̀. Bí a ṣe ká a tán, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé ẹyìn wọlé, Dàá sì sáré lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún un.

Àwọn tó tẹ̀ lé e kò tètè lọ. Mo yọ fóònù jáde, mo bi wọ́n pé kí ni ènìyàn máa rí lẹ́nu ọ̀nà tí yóò fi mọ̀ pé kí òun wọlé. Ẹnìkan ní èéfín. Òmíràn ní àpótí ìjókòó. Ìyá ní, "Omi. Àlejò tí a kò bu omi fún, a kò tíì gbà á sílé." Gbogbo wọn gbà. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, ẹ̀rọ AI sì gbé ife onígíláàsì jáde pẹ̀lú yìnyín. Wọ́n bi mí bóyá ilé ọtí ni mo fẹ́ ṣí fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo tún un ṣe, igbá ni, ọwọ́ kan sì ń nà án síta láti inú lẹ́tà. Ìyá ní ọwọ́ òsì nìyẹn, ṣé èébú ni a fẹ́ fi kí àlejò ni? Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ, wọ́n ń sọ, mo ń tẹ̀, wọ́n ń dá a lẹ́bi, títí tí ọwọ́ méjèèjì fi na igbá omi síni nínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì dákẹ́. Inú mi dùn sí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ju ìyìn kankan lọ.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn obìnrin méjì láti oko ọ̀nà jíjìn dúró síwájú báńnà tuntun náà. Ọ̀kan bi èkejì pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Èkejì kò mọ̀wé rárá, mo mọ̀ ọ́n. Ó na ìka sí lẹ́tà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní:

"Wọ́n ní kí a wọlé wá mu omi."

Mo ti la ẹnu láti sọ fún un pé AYỌ̀ DÉ ni, mo sì pa á dé. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ya lẹ́tà, mo rò pé lẹ́tà ló ń sọ̀rọ̀, pé ọnà ara rẹ̀ kàn ń ṣe é lóge ni. Obìnrin yìí ka ọnà náà, kò sì ṣì í kà. Wọ́n sọ ẹyìn wọn kalẹ̀, wọ́n wọ abẹ́ àtíbàbà, wọ́n sì bèèrè omi lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Kò sí omi mímu kankan níbẹ̀. Dàá wò mí bí ẹni pé yóò gbá mi létí, ó sì sáré lọ yá ìkòkò omi lọ́wọ́ aládùúgbò.