Chin-chin Ọjọ́ Halloween

Morọ́láyọ̀ kò gbà pé súìtì lásán ló yẹ kí ènìyàn máa fún ọmọ tí ó bá kan ilẹ̀kùn ẹni ní ọjọ́ Halloween. Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ nìyí ní Auburn Bay, ní ìlú òyìnbó. Lọ́dún yìí, ó ra ṣokoléètì fún àwọn ọmọ tí kò mọ̀, ó sì dín chin-chin fún àwọn ọmọ tí òun àti àwọn òbí wọn jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Mummy, nobody does homemade any more," ni Àdúràgbèmí, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wí.

"Ta ló ń jẹ́ nobody? Di ọ̀rá yẹn kó le."

Ní aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ọmọ kékeré kan tí ó wọ aṣọ arìnrìn-àjò òfuurufú dọ̀bálẹ̀ sínú yìnyín lẹ́nu ọ̀nà, bàbá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Máyọ̀kún ni, ọmọ Titus àti Dóyin tí ilé wọn wà ní òpópónà kejì. Inú Morọ́láyọ̀ dùn dé ibi pé ó fún un ní ọ̀rá méjì. Ọmọ náà àti bàbá rẹ̀ ti lọ kí ojú Morọ́láyọ̀ tó bọ́ sára ike òróró tí ó fi dín in. Òróró ẹ̀pà ni, láti Ìlọrin.

Máyọ̀kún kì í jẹ ẹ̀pà. Bí ó bá kan ẹnu rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ yóò wú, kò sì ní lè mí, àfi bí wọ́n bá tètè gún un lábẹ́rẹ́. Gbogbo ìjọ ni Dóyin ti sọ ọ́ fún. Morọ́láyọ̀ ló rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, tí ó ní, "Ẹ̀pà wo ló ń pa ọmọ Yorùbá?"

Ó pe Dóyin. Fóònù dún títí. Ó tún pè. Ó fi sílípáàsì jáde láì mú kóòtù. Òpópónà kún fún àwọn ọmọ tí wọ́n fi nǹkan bojú. Ó rí aláṣọ òfuurufú kan, ó dì í lápá mú. "Má jẹ ẹ́!" Ọmọ òyìnbó ni. Ìyá rẹ̀ fà á sẹ́yìn. "Sorry, sorry," ni Morọ́láyọ̀ wí, ó ti ń sá lọ.

Dóyin ló ṣílẹ̀kùn. "Ẹ̀gbọ́n! Ṣé kò sí nǹkan? Sílípáàsì nínú yìnyín kẹ̀?"

"Máyọ̀kún ńkọ́?"

Ọmọ náà wà nídìí tábìlì, òkìtì súìtì níwájú rẹ̀, ọ̀rá chin-chin lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbogbo wọn ni mò ń ka ohun tí wọ́n kọ sára wọn kó tó jẹ wọ́n," ni Dóyin wí. "Tiyín nìkan ni mi ò yẹ̀ wò. Mo ní ti ẹ̀gbọ́n mi ni."

Morọ́láyọ̀ já ọ̀rá náà gbà. "Òróró ẹ̀pà ni mo fi dín in."

"Titus! Gbé abẹ́rẹ́ ẹ̀ wá!" Dóyin la ẹnu ọmọ, ó fi iná fóònù wò ó. "Ṣé o ti jẹ níbẹ̀?"

"No. You said wash hands first." Ìbọ̀wọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Méjì ni mo fún un," ni Morọ́láyọ̀ wí.

Wọ́n tú òkìtì náà ká. Ọ̀rá kejì wà nísàlẹ̀ pátápátá, kókó rẹ̀ kò tú. Síbẹ̀, Titus kò gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Gbogbo wọn ń wo ètè ọmọ náà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Ètè náà kò wú.

"Dóyin, má bínú."

Dóyin ti àwọn súìtì tí kò tíì yẹ̀ wò síwájú Morọ́láyọ̀. "Ẹ jókòó, mà. Ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sára wọn. Ẹ kà á sókè."

Morọ́láyọ̀ jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ tútù bí irin, ó mú ọ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.