Ọjọ́ tí mo fi ìdí wọ́ wọ inú Erédò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n sọ bí èmi, odidi ọkùnrin tó ń ta pákó ní Ìjẹ̀bú-Òde, ṣe fi ìdí wọ́ nínú ẹrẹ̀ lójú ọmọ àbúrò mi. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti rín tèmi tán.

Àbúrò mi obìnrin, Sìlífá, ló bí Ródíátù. Ọmọ náà wà ní praimárì fáìfù. Nílé, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, kì í jẹ́ kí n gbọ́ níúùsì. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kó dìde níwájú kíláàsì, ahọ́n rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ní táàmù tó kọjá, wọ́n ní kó wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ táwọn ará ìlú wa ń ṣe. Ó dúró síbẹ̀ láìsọ nǹkan kan títí àǹtí wọn fi ní kó lọ jókòó. Àtọjọ́ náà làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pè é ní Ère.

Àǹtí tó ń kọ́ wọn ní sóṣíà stọ́dì wá fún wọn níṣẹ́ mìíràn: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ wo ohun kan nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i, kó sì wá ròyìn rẹ̀ lọ́jọ́ táwọn òbí máa wá sílé ìwé. Àwọn kan mú ọjà. Àwọn tó pọ̀ jù mú gàrí. Ródíátù mú Erédò, yàrà ńlá tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ yí ilẹ̀ wa ká láyé àtijọ́. Ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé bí òun bá tún di ère lọ́jọ́ náà, òun ò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé ìwé yẹn mọ́.

Sìlífá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi mú ọmọ yìí lọ. Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà oko ìyá wa."

Mo mọ̀ ọ́n. Ìdí tí mi ò fi fẹ́ lọ gan-an nìyẹn.

Ṣé ẹ rí i, oko ìyá wa wà nítòsí Òkè-Ẹ̀rí, yàrà yẹn sì gba ẹ̀yìn oko náà kọjá. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ta ló mọ̀ pé ohun tó wà nínú ìwé ni? Ihò là ń pè é. Ìyá wa ti kìlọ̀ pé ọmọdé kì í wọ ibẹ̀, àti pé bó bá di dandan kéèyàn wọ ibẹ̀, a kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Tí o bá pe orúkọ ẹni, nǹkan mìíràn lè bá a jẹ́ ẹ. Kí ni nǹkan mìíràn náà? Ìyá wa ò sọ. Èyí tí wọn ò sọ fúnni ló sì máa ń bani lẹ́rù jù.

Mo ti di bàbá ọlọ́mọ. Mo ti wọ igbó Ìjẹ̀bú-Igbó lọ wo igi gẹdú láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n ihò yẹn, ẹsẹ̀ mi ò kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí.

Mo dọ́gbọ́n sí i. Mo ní kí Ródíátù kúkú mú gàrí. Gàrí Ìjẹ̀bú, ta ni kò mọ adùn rẹ̀?

"Àǹkù, gbogbo kíláàsì ló ti mú gàrí." Ó wò mí lójú. "Àbí ẹ̀rù ń bà yín ni?"

Mo ní ẹ̀rù wo? Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí.

"Ẹsẹ̀ wo?"

Mo na ọ̀kan. Nígbà tó yá, ó tún bi mí, mo sì na ìkejì. Bí mo ṣe gbà láti lọ nìyẹn.

Nígbà tó di Sátidé, mo wọ bàtà òjò, mo mú àdá, mo sì kó aáyù sí àpò méjèèjì nítorí ejò. Ọlọ́kadà tó gbé wa ń yí imú rẹ̀ sápá kan títí a fi dé. Mo ń rùn bí ìkòkò ọbẹ̀.

Etí yàrà náà la dúró sí. Mo wo ìsàlẹ̀. Ògiri ilẹ̀ pupa dúró gbọnrangandan níhà méjèèjì, ewéko tútù bò ó, gbòǹgbò igi sì ń rọ̀ lára rẹ̀ bí okùn. Ó jìn ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Òtútù ń ti inú rẹ̀ bọ̀ bí ẹni ṣí fíríìjì.

Ródíátù ti gba ọ̀nà táwọn àgbẹ̀ là síbẹ̀, ó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Mo ní Bísímílàhì. Mo gbé ẹsẹ̀ kan. Bàtà òjò yọ̀, mo jókòó, mi ò sì dìde mọ́ títí mo fi dé ìsàlẹ̀. Ìdí ni mo fi rin ìyókù. Aáyù dànù káàkiri.

Nígbà tí mo máa fi nu ojú mi tán, ọmọ ò sí níwájú mi mọ́. Ó ti yà sí kọ́nà. Mo la ẹnu láti pe Ródíátù, ọ̀rọ̀ ìyá wa sì dé etí mi. Mo pa ẹnu dé. Kí ni kí n ṣe? Tí mi ò bá pè é, ó lè sọnù. Tí mo bá pè é, nǹkan mìíràn lè dáhùn!

Mo ní, "Ìwọ!" Kò sí ìdáhùn.

Mo ní, "Ọmọ Sìlífá!" Kẹ́kẹ́.

Ni mo bá fi gbogbo agbára kígbe: "Ọmọ tó fọ́ fóònù mi! Praimárì fáìfù! Ẹni tó ń jí ẹran inú ìkòkò!" Ohùn mi ti ń dún bíi ti òbúkọ.

Ẹ̀rín ló dáhùn lẹ́yìn kọ́nà. Ródíátù jáde, ó di inú mú.

"Àǹkù, orúkọ mi ńkọ́?"

Mo ṣàlàyé èèwọ̀ náà fún un. Ó ronú díẹ̀, ó gbójú sókè wo ògiri yẹn, ó ní bóyá torí kí ọmọdé má baà já sínú rẹ̀ ni ìyá àgbà ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá wa kì í lè fi oko sílẹ̀ wá ṣọ́ wa. Ẹ̀rù ló fi ṣọ́ wa.

Ó wá bi mí pé ṣé ọkọ́ àti ọwọ́ nìkan ni wọ́n fi gbẹ́ gbogbo èyí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, katapílà wo ló wà nígbà náà? Ó ní kí n fẹ̀yìn ti ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fojú wọn iye èmi tí wọ́n máa tò léra wọn kó tó dé òkè.

Ọjọ́ òbí pé. Gbọ̀ngàn kún fún lọ́yà, báńkà àti àwọn ìyá tó ń fi gèésì kí ara wọn. Èmi tí ìwé mi ò kọjá praimárì síìsì, ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí. Àǹtí pe Ródíátù. Ó jáde, ó dúró. Ó dúró ṣáá. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé Ère, Ère. Àǹtí tún pe orúkọ rẹ̀. Sìlífá di apá mi mú.

Ṣé kí n dìde láàárín àwọn èèyàn ńlá wọ̀nyí? Mo dìde.

"Ọmọ tó fọ́ fóònù mi!"

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú padà. Mi ò wo ẹnì kankan.

"Praimárì fáìfù! Ẹni tó ń jí ẹran inú ìkòkò!"

Ọmọ náà gbójú sókè. Ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ káàsán, ẹ̀yin òbí wa. Ẹni tó ń pariwo yẹn, àǹkù mi ni wọ́n. Bí wọ́n ṣe pariwo nínú Erédò náà nìyẹn."

Ẹ̀rín bú. Ródíátù ò sì dákẹ́ mọ́. Ó sọ pé yàrà náà jìn tó àǹkù òun mẹ́jọ. Ó sọ nípa ilẹ̀ pupa, gbòǹgbò, ọkọ́ àwọn baba wa, àti ìkìlọ̀ ìyá àgbà. Ó sọ nípa aáyù. Ó sọ nípa ìdí mi, kò sì fi ibì kan pa mọ́. Mo ń pàtẹ́wọ́, omi ń dà lójú mi, mo ní erùpẹ̀ ni.

Kò sẹ́ni tó ń pè é ní Ère mọ́. Èmi ni wọ́n ń pè ní Àǹkù Mẹ́jọ láti ilé ìwé dé ṣọ́ọ̀bù, mo sì ń dáhùn.

Ẹ má rò pé ẹ̀rù náà ti tán lára mi o. Mo kàn gbé e dání lọ ni, bí aáyù. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó bá ń dúró dìgbà tí ẹ̀rù máa tán, kò ní mọ ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni wọ́n fi dẹ́rù bà yín lọ́mọdé nílùú yín, tí ẹ ò tíì lọ wò títí dòní? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí kí gbogbo wa gbọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ lọ wò ó, ẹ lọ. Ẹ má ṣáà wọ bàtà òjò.