Pẹ̀lẹ́ Tó Tú Àwọn Aláìsàn Mi Ká

Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ yọ eyín nínú igbó Guyana, àwọn aláìsàn mi sá. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ni wọ́n rí o. Kì í sì í ṣe ẹ̀mú tí a fi ń yọ eyín. Pẹ̀lẹ́ tí mo kí ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n gbọ́, ni wọ́n bá ń dìde lórí bẹ́ǹṣì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kálukú ń rántí pé òun níṣẹ́ lóko.

Dókítà eyín ni mí. Longsight, ní Manchester, ni mo ti ń ṣe é láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Ẹ sì mọ̀ pé Yorùbá kì í wo ẹni tí nǹkan ń dùn kó dákẹ́. Ẹni tó kọsẹ̀, pẹ̀lẹ́. Ẹni tó wúkọ́, pẹ̀lẹ́. Ẹni tí tíì gbóná jó lẹ́nu, pẹ̀lẹ́. Nítorí náà, tí mo bá ti jókòó ti aláìsàn, "sorry, sorry" ni mo máa ń dà sí i létí títí iṣẹ́ á fi parí. Kelly, máníjà wa, òyìnbó, tiẹ̀ ti pè mí sí kọ̀rọ̀ rí nítorí ẹ̀.

"Bọ́lá, kí lo ṣe fún ọkùnrin yẹn tó o fi ń bẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Ó ń dùn ún ni."

"Tí o ò bá ṣe nǹkan kan, má sọ sorry mọ́. Wọ́n á pè wá lẹ́jọ́."

Mo gbìyànjú. Ẹnu mi kọ̀ jálẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Oldham ló ṣètò ìrìn àjò náà, pé kí a lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ àwọn tó ni ilẹ̀ Guyana kí ẹnikẹ́ni tó débẹ̀. Àwọn onílẹ̀ gidi ni mò ń wí o, kì í ṣe irú ọmọ onílẹ̀ tó ń dúró de ẹni tó fẹ́ kọ́lé. Etí odò ni wọ́n ń gbé, níbi tí ọkọ̀ ojú omi nìkan ń dé. Pásítọ̀ Ṣẹ́gun, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń wa bọ́ọ̀sì láàárín ọ̀sẹ̀, ni olórí wa. Òun yóò wàásù, èmi yóò yọ eyín. Nígbà tí a ń di ẹrù, mo rí páálí súìtì ńlá kan tó rà ní ọjà Longsight.

"Pásítọ̀, ta ló ni súìtì?"

"Ti àwọn ọmọdé ni, Sister. A máa fi gather wọn."

"Ẹ mú dókítà eyín dání, ẹ tún mú súìtì dání?"

"Ẹ ò rí i pé Ọlọ́run ti ń pèsè work fún yín?"

Nígbà tí a débẹ̀, Rósì, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ wọn, ló di ògbufọ̀ wa. Mi ò gbọ́ èdè wọn, wọn ò gbọ́ tèmi, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì ni à ń gbà kọjá. A gbé àga sí abẹ́ àtíbàbà. Ẹni àkọ́kọ́ ni ìyá àgbà kan tí gbogbo wọn ń pè ní Granny. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Rósì ní ó ti pẹ́ tí màmá ti fojú ba oorun kẹ́yìn. Tó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, oró eyín á gbé e dìde. Mo yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Eyín ńlá ẹ̀yìn kan ti jẹrà, ọyún ti gbárajọ sábẹ́ rẹ̀. Tí ọyún yẹn bá wọnú ẹ̀jẹ̀, ó lè pa á, ilé ìwòsàn sì jìnnà. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo rọra fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà.

"Sorry, mama. Sorry, sorry."

Rósì túmọ̀ rẹ̀. Ojú màmá yí padà. Ó béèrè nǹkan lọ́wọ́ Rósì, Rósì dáhùn, ni màmá bá pa ẹnu dé, ó dìde, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

"Rósì, kí ló dé?"

"Wọ́n bi mí pé kí lẹ ṣe. Mo ní ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan."

"Kí lo kọ́kọ́ sọ fún wọn?"

"Ohun tí ẹ sọ ni. Pé ẹ ti ṣẹ̀ wọ́n, kí wọ́n dárí jì yín. Wọ́n ní dókítà tó ti jẹ̀bi kó tó mú irinṣẹ́, ó ní ohun tó mọ̀."

Àṣé Kelly ti ṣáájú mi dé inú igbó!

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni ò wá mọ́. Láràárọ̀ ni mò ń rí màmá tó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, tí ojú rẹ̀ pọ́n. Ó dùn mí wọra. Mo mọ eyín náà, mo mọ bí mo ṣe máa yọ ọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló dínà mọ́ mi. Pásítọ̀ náà ń kanra.

"Sister, òun ni gbogbo wọn ń wò. Tí màmá ò bá wá, kò sẹ́ni tó máa come."

Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, Pásítọ̀ ní kí èmi àti Rósì bá òun gbé páálí súìtì lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Iwájú ilé màmá ni ẹrẹ̀ ti gbé mi. Mo ṣubú gbìì, páálí fà ya, súìtì fọ́n ká. Pásítọ̀ sáré dé.

"Yéè! Súìtì ńkọ́?"

Ṣùgbọ́n màmá, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ti ju ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan, ó tún un sọ, pẹ̀lú irú ohùn tí ìyá mi máa ń lò gan-an. Mi ò tiẹ̀ dìde nínú ẹrẹ̀.

"Rósì! Kí ni màmá sọ?"

"Kò ní Gẹ̀ẹ́sì, Dókítà. Ohun tí à ń sọ fún ọmọ tó ṣubú ni. Kì í ṣe pé àwa la tì í."

"Pẹ̀lẹ́ nìyẹn! Rósì, pẹ̀lẹ́ gan-an nìyẹn! Òun ni mò ń sọ fún wọn lọ́jọ́sí!"

Rósì fọwọ́ bo ẹnu. Ó yíjú sí màmá, ó ṣàlàyé. Màmá wò mí nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rán an létí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló wá jókòó sórí àga mi. Mo gbìyànjú láti pe ọ̀rọ̀ náà. Rósì ní ohun tí mo pè jọ orúkọ ẹja kan, ṣùgbọ́n màmá ṣáà ya ẹnu. Mo gún un ní abẹ́rẹ́, mo dúró kí ẹnu kú. A kì í fa eyín bí ẹní fa iṣu. Ṣe là ń rọra mì í kí gbòǹgbò má bàa kán sínú. Mo mì í síwá, mo mì í sẹ́yìn, ó jáde tòun ti gbòǹgbò méjèèjì, ọyún náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà.

Nírọ̀lẹ́, màmá wá sí ìsìn, ó jókòó síwájú, gbogbo àdúgbò sì wọ́ tẹ̀ lé e. Inú Pásítọ̀ dùn kọjá sísọ. Ó ń wàásù, Rósì ń túmọ̀. Ìwàásù ò tíì dé ìdajì nígbà tí a gbọ́ ìró kan. Màmá ti fẹ̀yìn ti òpó, ẹnu rẹ̀ là, ó ń hanrun. Àwọn èèyàn rẹ̀ yíjú kúrò lọ́dọ̀ oníwàásù, wọ́n ń wò ó. Obìnrin kan bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi bò ó. Rósì gan-an ò túmọ̀ mọ́. Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí.

"Sister, ẹ bá mi jí màmá, kí wọ́n má miss point yìí."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, sà," mo ní. "Iṣẹ́ tí mo wá ṣe nìyẹn."