Ọmọ Mi Pa Ẹnu Rẹ̀ Dé

Ìgbà ọyẹ́ ni ọmọ mi pé oṣù mẹ́fà. Mo ti ń retí ọjọ́ náà bí ẹni ń retí ọdún. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ṣakí, òun sì ni àkọ́bí mi. Nọ́ọ̀sì tó máa ń wọn àwọn ọmọ ní ilé-ìwòsàn ti kọ́ wa pé ọyàn nìkan ni kí a fún ọmọ títí di oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà kí a bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ díẹ̀díẹ̀. Mo ra abọ́ tuntun àti ṣíbí kékeré aláwọ̀ ewé. Mo se ògì ọkà bàbà, mo fi sóyà lílọ̀ sí i, mo gbé ọmọ jókòó lórí itan mi.

Ó wo ṣíbí, ó wò mí. Bí ògì ti kàn án létè, ó fi ahọ́n tì í jáde, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Awakọ̀ ẹlẹ́rù ni ọkọ mi. Iṣu ló ń kó láti Kíṣí lọ sí Ìbàdàn, ó sì lè tó ọjọ́ mẹ́wàá kó tó sùn nílé. Mo kọ ọ́ sí i pé, "Ọmọ yín ní òun ò jẹ oúnjẹ mi o." Ẹ̀rín ni òun náà fi dá mi lóhùn.

Nígbà tí oṣù keje fi máa parí, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi. Mo ti gún ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo ti bó ẹ̀wà kí n tó sè é, mo ti se kúkúńdùnkún. Mo ra wàrà lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní tó máa ń gba iwájú ilé wa kọjá, mo tún un sè, mo fi ìka rún un. Gbogbo rẹ̀ ló tu síta. Àwọn ará ilé kò dákẹ́ ìmọ̀ràn. Ẹnì kan ní eyín ló fẹ́ hù. Ẹlòmíràn ní ọyàn mi ló dùn jù, kí n já a lẹ́nu rẹ̀, ebi yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Mo gbìyànjú ìyẹn náà. Láti òwúrọ̀ Sátidé kan títí di ọ̀sán, mi ò fún un lọ́yàn. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọyàn kún mi láyà, ó ń jò sí aṣọ mi, ọmọ sì ń fà mí láṣọ. Nígbà tí mo gbé abọ́ dé, ó pa ẹnu rẹ̀ dé pẹ̀lú omijé lójú. Mo ju ṣíbí sílẹ̀, mo fún un lọ́yàn, àwa méjèèjì jọ ń sunkún.

Ní ilé-ìwòsàn, ìlà tó yẹ kó máa gòkè lórí káàdì rẹ̀ dúró sójú kan. Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyá ìkókó, kí lẹ fi ń bọ́ ọ? Ẹ̀yin tí ẹ tún jẹ́ olùkọ́!" Àwọn ìyá tó wà lórí bẹ́ńṣì yíjú wò mí. Mo ka gbogbo ohun tí mo ti sè fún un, ṣùgbọ́n létí ara mi, bí irọ́ ló ń dún.

Ìgbà náà ni ìyá ọkọ mi wá láti Ìlerò. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ọmọ méje ni wọ́n bí, méjèèje ló wà láàyè. Wọ́n gbé ọmọ sókè, wọ́n tẹjú mọ́ ọn. "Ọkọ mi, kí ló dé? Ta ló bí ọ nínú?" Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wò mí bí mo ṣe ń kọrin, tí mo ń jó, tí mo ń fi ṣíbí ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Ní ọjọ́ kẹrin wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bíbẹ̀ lẹ̀ ń bẹ ọmọ. A kì í bẹ ọmọ kó tó jẹun. Rírọ là ń rọ ọ́."

Mo mọ rírọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn: wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀, wọ́n á ká àtẹ́lẹwọ́ sí i lẹ́nu, wọ́n á da ògì sí i, wọ́n á sì dí i nímú kó lè gbé e mì. Ní ilé-ìwòsàn, wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé ó lè pa ọmọ.

"Màámi, nọ́ọ̀sì ní kò dáa."

"Ṣé nọ́ọ̀sì ló tọ́ ọkọ rẹ ni?"

Ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé mo fẹ́ kó ṣiṣẹ́. Àárẹ̀ ti mú mi. Mo kó aṣọ ọmọ, mo bọ́ sẹ́yìnkùlé lọ sá a, kí ojú mi má baà tó o. Mo gbọ́ "Bìsìmílà." Mo gbọ́ igbe, mo gbọ́ ikọ́. Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Mo sáré wọlé. Ojú ọmọ ti yọ, ẹnu rẹ̀ là, ohùn kò jáde. Ìyá ọkọ mi ń pariwo, "Ó há a! Ó há a lọ́fun!" Mo já a gbà, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí apá mi, mo ń gbá a lẹ́yìn bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé-ìwòsàn. Mi ò mọ iye ìgbà. Ògì àti itọ́ ya sí mi lẹ́sẹ̀, ó fa èémí, ó ké.

Ọ̀kadà kan ló gbé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ilé-ìwòsàn. Wọ́n gbọ́ àyà rẹ̀, wọ́n ní kí a dúró títí di ìrọ̀lẹ́ kí àwọn lè máa wò ó. Ìyá ọkọ mi kò jókòó. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ń fa tẹ̀sùbá.

Nọ́ọ̀sì bèèrè pé, "Ta ló rọ ọmọ yìí?"

Ìyá ọkọ mi dáhùn kí n tó lanu. "Èmi ni."

Mo lè sọ pé mo wà nílé. Mo lè sọ pé mo mọ̀, mo sì kẹ́yìn sí i. Mo kàn fa ọmọ mọ́ra. Nọ́ọ̀sì, ọmọ tí kò ju ọmọ-ọmọ wọn lọ, bá wọn wí lójú gbogbo èèyàn, ìyá ọkọ mi sì ń wí pé, "Ẹ má bínú, ẹ má bínú."

Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi. Ó ní kí a má fi ipá bọ́ ọ mọ́. Kí a máa jẹun níwájú rẹ̀, kí a gbé oúnjẹ rírọ̀ tí ìka lè tẹ̀ fọ́ síwájú rẹ̀, kó fọwọ́ kàn án, kó bà á jẹ́. Bó bá yíjú, kí a gbé e kúrò. Kí n máa fún un lọ́yàn, kí n sì máa gbé e wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Bí kò bá wá jẹ ńkọ́?"

"Yóò jẹ."

"Nígbà wo?"

"Mi ò lè sọ, Ìyá ìkókó."

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti rí ṣíbí, á fi igbe ta. Ìyá ọkọ mi ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń pọ̀n ọ́n nígbà tí mo bá lọ sílé-ìwé, ṣùgbọ́n bí àkókò oúnjẹ bá tó, wọ́n á bọ́ síta. Mo ń tẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń fi pa ilẹ̀. Lójoojúmọ́ ni bàbá rẹ̀ ń pè: "Ṣó ti jẹun?" Nígbà tó pẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí fóònù máa dún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo dé láti ilé-ìwé, mo bá ìyá ọkọ mi lórí ẹní lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń jẹ iṣu sísè pẹ̀lú epo. Ọmọ rákòrò dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ki ọwọ́ bọ abọ́, ó mú iṣu. Wọ́n ká ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ìyàwó mi, mi ò fún un o! Òun ló mú un!"

"Mo rí i, Màámi."

Ó fi sẹ́nu. Ó wúkọ́ bí ẹni fẹ́ bì, ojú rẹ̀ pọ́n. Ọwọ́ wọn lọ síwájú, wọ́n fà á padà. Èmi náà fara ti ògiri. Nọ́ọ̀sì ti ní bí ohùn rẹ̀ bá ṣì ń jáde, kí a fi sílẹ̀, ọmọ fúnra rẹ̀ yóò tu ú. Ó tu ú sọ́wọ́, ó wò ó, ó tún dá a padà sẹ́nu. Èyí tó gbé mì kò tó hóró ẹ̀wà kan.

Mo jókòó tì wọ́n. "Màámi, lọ́jọ́ yẹn, èmi náà fẹ́ kí ẹ rọ ọ́."

Wọn ò wò mí. "Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o ò bá ti gbà á lọ́wọ́ mi."

Lọ́jọ́ kejì kò fẹnu kan nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá kó tó tún mú iṣu, ọ̀sẹ̀ méjì míì kó tó gba ẹ̀wà. Ìlà káàdì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ṣùgbọ́n bí ìgbín ló ń lọ. Òjò àkọ́rọ̀ dé, ìyá ọkọ mi padà sí Ìlerò lọ dáko. Mi ò mọ ohun tó la ọmọ mi lẹ́nu, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ fún mi. Ọmọ náà ti dàgbà, ó ti ń lọ sílé-ìwé báyìí. Síbẹ̀, bó bá ń jẹun tó wúkọ́, n ó ti dìde kí n tó mọ̀.