Bàrà Oníbàrà

Kùmọ̀ ń dún gbì, gbì lára bàrà, omi rẹ̀ ń ta sí wa lójú. Èmi àti ìyá tó bí ìyá mi la wà lóko wa lọ́nà Lánlátẹ̀, à ń fọ́ bàrà kó lè rà, ká lè ṣa ẹ̀gúsí inú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ yìí rí, kò tíì gbóòórùn! Mo ń ka Òfin Mẹ́wàá sókè, torí èmi ni n óò kà á níwájú ìjọ lọ́jọ́ kejì, tíí ṣe ọdún àwọn ọmọdé. Mo ti fi yangàn kárí àdúgbò.

Mo bi í pé, "Ìyá àgbà, kí ló ń jẹ́ òfin gan-an?"

"Ọ̀rọ̀ ààfin ni. Ọba ló ń ṣòfin. Nígbà tí ìwé Ọlọ́run dé, wọ́n ń wá ohun tí wọn ó pe àṣẹ rẹ̀, wọ́n ní Ọlọ́run ṣáà jọba, ni wọ́n bá mú un. Bí bàbá mi ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn o. Ká ní èmi ni, èèwọ̀ ni n bá mú. Ilé wa kì í jẹ òkété. Ta ló ń ṣọ́ ìkòkò wa? Kò sẹ́ni. Ọwọ́ wa kàn ń kọ̀ ọ́ ni."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní, "Ìtàkùn bàrà Tíṣà fà wọ ilẹ̀ wa. Mo ti ká gbogbo èso rẹ̀ mọ́ tiwa. Kò sẹ́ni tó rí mi."

Ó gbé kùmọ̀ sílẹ̀. Tíṣà yìí ló ń kọ́ àwa ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló yàn mí láti ka òfin. Òun àti ìyá àgbà kò kí ara wọn láti ọdún méjì, lórí ọ̀rọ̀ ààlà oko náà. Bàrà sì ti fọ́ pọ̀, kò ṣeé yà mọ́.

Ìyá àgbà bu ẹ̀gúsí gbígbẹ kún abọ́ ńlá, ó gbé e rù mí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí: "Ẹ jọ̀ọ́, wọn ò ní jẹ́ kí n kà á mọ́!" Ó ṣáà ń lọ níwájú. Nígbà tá a dé ilé Tíṣà, ó kúnlẹ̀ fún obìnrin tó lè bí lọ́mọ.

"Tíṣà, ọmọ mi jí bàrà yín."

"Háà! Màmá, ẹ dìde! N ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó dín."

"Àwa mọ̀."

Tíṣà gba abọ́ náà, ó sì ní ẹlòmíì ni yóò ka òfin. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Inú bí mi sí àwọn méjèèjì, pàápàá nígbà tí mo rí wọn lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà ti lọ. Èmi náà ti di tíṣà ní Igbó-Ọrà. Láìpẹ́ yìí, òbí kan gbé àpò gààrí wá bá mi nílé, pé kí n bá òun fi máàkì kún tọmọ òun. Owó oṣù kò tíì wọlé, kò sì sí gààrí nílé. Ó wù mí kí n gbà á, n ò ní purọ́. N ò rántí òfin kankan lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ mi ló kọ̀.